Eré Onítàgé Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n: Ìwà Ta Ni A Fẹ́ Tún Ṣe?

Ohun tó fa àpilẹ̀kọ yìí

Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ àti aṣèwádìí kan tó wáyé ní Bódìjà, ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ ka iṣẹ́ kan sí wa létí. Iṣẹ́ náà ti di títẹ̀ báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Agbowó sì ń dà á kọ sínú iṣẹ́ àṣekágbá wọn láìbi í ní ìbéèrè kankan. Ohun tó sọ kò lọ́jú pọ̀. Ó ní eré onítàgé a máa tún ìwà ẹlẹ́wọ̀n ṣe. Ó ní ọ̀nà tó ń gbà tún un ṣe ni pé kí ẹlẹ́wọ̀n fi ara rẹ̀ ṣe eré ọ̀ràn tó dá, kí ó jẹ́wọ́ lórí ìtàgé, kí ó tọrọ àforíjì lójú àwọn tó wá wòran, kí àwọn yẹn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá dábàá pé kí wọ́n gbé irú eré bẹ́ẹ̀ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgódi, kí á sì máa fi iye àwọn tó bá jẹ́wọ́ díwọ̀n àṣeyọrí rẹ̀.

Mo fara mọ́ gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo kọ̀, nítorí kò bá ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ mu, kò sì bá irú àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn ògiri Àgódi mu. Bí a bá gbé e débẹ̀ bó ṣe wà yìí, ó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá gidi. N kò lè dákẹ́ lórí rẹ̀.

N kò ní dúró túmọ̀ eré onítàgé tàbí àtúnṣe ìwà níhìn-ín. Òǹkàwé ìwé àtìgbàdégbà yìí mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣáájú wa sì ti kọ ọ́ tó.

Àwọn ẹ̀rí tó wà nílẹ̀

San Quentin ni gbogbo ẹni tó ń kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹlẹgbẹ́ mi náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1957, ẹgbẹ́ òṣèré kan láti San Francisco, tí Herbert Blau jẹ́ olùdarí wọn, gbé Waiting for Godot ti Samuel Beckett lọ síwájú nǹkan bí 1,400 ẹlẹ́wọ̀n ní California. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n fi mú eré yẹn ni pé kò sí obìnrin nínú rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kọ ọ́ pé Rick Cluchey, tó ń ṣẹ̀wọ̀n gbére níbẹ̀, wo eré náà, ọkàn rẹ̀ sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Wọn kò jẹ́ kí Cluchey jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọgbà ẹ̀wọ̀n ló fi gbọ́ eré náà, kò rí ojú òṣèré kankan. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì. Òun àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ eré tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ Beckett dánra wò títí wọ́n fi tú Cluchey sílẹ̀ ní 1966. Nígbà tó yá, ó bá Beckett fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn eré Beckett tí wọ́n ń ṣe kò sì kan ọ̀ràn tó gbé Cluchey dé ẹ̀wọ̀n rárá.

Ti Robben Island tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àbá ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú ibẹ̀ ṣe Antigone ti Sophocles. Nelson Mandela ló ṣe Creon, ọba tó ń fi òfin ni ará ìlú lára. Láti inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Athol Fugard, John Kani àti Winston Ntshona ti gbé The Island jáde ní 1973. Nínú eré yẹn, ẹlẹ́wọ̀n méjì ń múra eré sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì wọn pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn bá: ìṣó ni wọ́n so pọ̀ ṣe ẹ̀gbà ọrùn, okùn ni wọ́n fi ṣe irun orí obìnrin. Winston gbé irun náà sórí, ẹnìkejì rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, Winston bínú, ó ní òun kò ṣe mọ́. Àfi ìgbà tí ẹnìkejì bẹ̀ ẹ́, tó tún ṣàlàyé fún un pé gbogbo àwọn tó máa wòran yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn yóò dákẹ́ gbọ́ nígbẹ̀yìn. Àwọn tó wà ní erékùṣù yẹn jẹ̀bi lójú òfin ìjọba ìgbà náà. Wọn kò gbà pé àwọn jẹ̀bi, ìtàn sì ti dá wọn láre. Kí ni wọn ì bá ronú pìwà dà lé lórí? (Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà mú ìtàn Antigone yìí wá sí ìlú Yorùbá nígbà ìjọba amúnisìn nínú Tegonni, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Atlanta ní 1994. Ó tọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kà á pẹ̀lú The Island.)

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin ẹlẹ́wọ̀n méjì ní Askham Grange ló dá ẹgbẹ́ eré Clean Break sílẹ̀ ní 1979. Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni gbé e wá bá wọn. Ní Volterra ní Ítálì, Armando Punzo ti ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe eré láti 1988. Àwọn ará Geese Theatre, tí John Bergman dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1980, ni iṣẹ́ wọn sún mọ́ ohun tí ẹlẹgbẹ́ mi ń wí jù, mo sì gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀ fún un: wọ́n ń lo ìbòjú, wọ́n sì ń jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n gbé ìwà tó hù yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nínú yàrá iṣẹ́ ni èyí ti sábà máa ń wáyé, láàrin ìwọ̀nba ènìyàn, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́. Ìyẹn yàtọ̀ gbáà sí kí ènìyàn dúró níwájú àwọn olóyè àti oníròyìn.

Ẹ̀rí tí ẹlẹgbẹ́ mi gbára lé jù lọ ni ti Sing Sing ní New York, níbi tí Katherine Vockins ti dá ètò Rehabilitation Through the Arts sílẹ̀ ní 1996. Fíìmù Sing Sing ti 2023 ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Clarence Maclin, tó ti ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ rí, ló ṣe ara rẹ̀ nínú fíìmù náà. Àwọn tó ni ètò ń sọ pé nínú 100 ènìyàn tó gba ọwọ́ wọn kọjá, àwọn tó padà sẹ́wọ̀n kò pé 3. N kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni wọ́n kà? Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni, tí ìwà wọn nínú ọgbà ti dára tó kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ti di àgbà kí wọ́n tó jáde. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í sábà padà sídìí ohun tó ṣe ní ọmọ ogún ọdún, ì báà ṣe eré, ì báà má ṣe é. Iye yẹn fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ètò náà ṣe oore púpọ̀. Kò lè fi hàn pé ìjẹ́wọ́ ló ṣe oore náà, nítorí pé eré tó wà láàrin fíìmù yẹn gan-an, apanilẹ́rìn-ín ni, tí wọ́n po òkú Íjíbítì àti Hamlet pọ̀ sínú rẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tí àwọn òyìnbó kọ́, tí wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ rí, ti di Freedom Park láti 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni ìtàgé wà báyìí. Ẹlẹgbẹ́ mi fi èyí ṣe ẹ̀rí. Àmì ni, àmì tó wọni lọ́kàn sì ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́wọ̀n kankan níbẹ̀ mọ́ tí a lè wo ìwà rẹ̀. Iṣẹ́ Emman Frank Idoko pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n Jos ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kà, nítorí pé òun ló wọ inú ọgbà lọ ní ilẹ̀ wa. Kò sì sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn láìdárúkọ Wọlé Ṣóyínká. N óò padà sórí ìyẹn.

Àṣehàn àti ìdánrawò

Gbogbo ẹ̀rí tí mo tò sókè yìí ń tọ́ka sí ìyàtọ̀ kan tí ẹlẹgbẹ́ mi kò rí, tàbí tó rí tí kò kà sí. Ohun méjì ló wà nínú iṣẹ́ eré: àṣehàn àti ìdánrawò. Àṣehàn ni ọjọ́ tí a pe ènìyàn wá wòran. Ìdánrawò ni gbogbo ọ̀sẹ̀ àti oṣù tó ṣáájú rẹ̀, tí àwọn eléré ń pè ní ríhásà. Ohun tí mo ń sọ ni pé inú ìdánrawò ni agbára eré láti tún ìwà ṣe wà, kì í ṣe inú àṣehàn. Kí ẹ gbà mí láyè kí n fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú díẹ̀, torí òun ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ẹ wo ohun tí ìdánrawò ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ó gbọ́dọ̀ dé lásìkò, nítorí bí kò bá dé, àwọn márùn-ún yòókù kò lè bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ gbọ́ tẹnìkejì tán kí tirẹ̀ tó kàn. Wọn yóò bá a wí lójú gbogbo ènìyàn pé ohùn rẹ̀ kéré, pé ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn òǹwòran, pé ó yára jù; yóò gbà á, yóò tún un ṣe, kò ní jà. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí ẹ̀gbin kékeré ti lè di ìjà ńlá, kí ènìyàn gba ìbáwí lójú àwùjọ láìbínú, ẹ̀kọ́ tó lágbára gidi ni. Ó tún gbọ́dọ̀ wọ inú ìwà ẹni tí kò jọ ọ́: gbájú-ẹ̀ yóò ṣe ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, ọmọ ìta yóò ṣe ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ kò wálé. Kò sí ẹni tó ní kó sunkún. Wọ́n kàn ní kó wá bí ìyá náà ṣe máa ń jókòó. Láti wá bí ó ṣe ń jókòó, yóò ní láti rò ó pé kí ló ń dùn ún. Ìrònú yẹn ni mo ń pè ní àtúnṣe, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó ń wò ó.

Fíìmù Cesare deve morire ti àwọn Taviani, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Berlin ní 2012, jẹ́ kí a fojú rí èyí. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n Rebibbia ní Róòmù ló ń ṣe Julius Caesar. Wọ́n ń tún ìtàgé ibẹ̀ ṣe lọ́wọ́, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá àti sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń dánra wò. Olùdarí wọn ní kí kálukú fi ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọba Róòmù wá ń jáde pẹ̀lú ohùn Naples àti ti Sicily. Ìdánrawò ló gba apá tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà; ọjọ́ àṣehàn kò gùn rárá, lẹ́yìn náà wọ́n dá kálukú padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn irin. Àwọn tó ṣe fíìmù náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Àṣehàn yàtọ̀ pátápátá. Ọjọ́ kan ni. Wọ́n ta ìbòòrùn, wọ́n to àga oníke, àwọn àlejò pàtàkì jókòó níwájú, ẹ̀rọ ayàwòrán wà níbẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ẹni tó jókòó níwájú. Ó mọ̀ pé adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti wá ṣàbẹ̀wò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ó sì tú àwọn kan sílẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ ìjọ tó ń ti Challenge àti Ring Road wá pẹ̀lú ìrẹsì àti ọṣẹ nígbà Kérésì fẹ́ràn eré tó bá parí sí ìrònúpìwàdà. Irú eré tí ẹgbẹ́ eré Mount Zion ti sọ di mímọ̀ fún gbogbo ilé láti 1985 nìyẹn, eré tó sì níyì ní àyè tirẹ̀ ni. Bí irú ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ bá jẹ́wọ́ lójú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, kí ni a rí kọ́ nípa ìwà rẹ̀? Ohun tí a rí kọ́ ni pé ó mọ ohun tí àwùjọ ń fẹ́. Ìyẹn tó láti fi mọ̀ pé eléré dáadáa ni. Kò tó láti fi mọ̀ pé ó ti yí padà.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjòjì lọ́dọ̀ tiwa. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Joel Adédèjì parí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969 lórí eré alárìnjò, ohun tó hàn kedere ni pé kò sẹ́ni tó ń di apidán lójú agbo. Inú agboolé ni ọmọ ti ń kọ́ ijó, ẹ̀ṣà àti ìdán, fún ọdún gbọọrọ, lábẹ́ àwọn àgbà. Ohun tí ará ìlú ń rí lójú agbo kéré sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílé.

A lè bi mí pé, láìsí ọjọ́ àṣehàn, ta ni yóò máa dánra wò? Òótọ́ ni. Bí kò bá sí ọjọ́ tí à ń retí, ìdánrawò á tú. N kò sọ pé kí á pa àṣehàn rẹ́. Mo tún gbà pé ó ń ṣe iṣẹ́ kan tí ìdánrawò kò lè ṣe: ó ń yí ojú àwọn tó ń wòran padà. Wọ́dà tó rí ẹni tó ń fi nọ́ńbà pè lójoojúmọ́ tó dìde bí ọba, tó sọ̀rọ̀ bí ọba, kò lè wò ó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ tán pátápátá. Ìyá tó wá láti Dùgbẹ̀ tó rí ọmọ rẹ̀ lórí ìtàgé yóò ní nǹkan mìíràn láti sọ nípa rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n ìwà òǹwòran nìyẹn ń tún ṣe. Ẹlẹgbẹ́ mi ń wọn ìwà eléré pẹ̀lú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òǹwòran, ibẹ̀ ni ìṣirò rẹ̀ ti ṣì.

Àwọn wo ló wà ní Àgódi?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jọ ti Sing Sing tàbí ti Volterra mọ́ bí a bá dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọdún 1894 ni wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgódi, fún ènìyàn tí kò tó 400. Ó ti pẹ́ tí iye àwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Ní gbogbo Nàìjíríà, nínú ẹni mẹ́ta tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, nǹkan bí ẹni méjì ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́. Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní ìlú Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, 907 ènìyàn ló wà níbẹ̀. 64 péré nínú wọn ni ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Gbogbo ìyókù ń dúró de ìdájọ́ ni.

Ẹni tó bá dúró níwájú kóòtù Ìyágànkú láàárọ̀ yóò rí ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyí túmọ̀ sí. Ọkọ̀ Black Maria yóò dé láti Àgódi. Fèrèsé rẹ̀ kékeré, irin wà lójú rẹ̀, ìka ọwọ́ ni a sì ń rí láàrin irin náà. Àwọn ará ilé ti dúró pẹ̀lú búrẹ́dì àti píọ́wọ́tà, wọ́n ń pe orúkọ sí ojú fèrèsé. Wọ́n kó wọn wọlé. Agbẹjọ́rò kan kò wá, tàbí ọlọ́pàá tó yẹ kó jẹ́rìí ti ṣípò lọ sí ìlú mìíràn, tàbí fáìlì kò tíì dé láti iléeṣẹ́ ìjọba. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n kó wọn padà sínú ọkọ̀. Báyìí ni ẹlòmíràn ṣe ń lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, lórí ẹ̀sùn tó ṣeé ṣe kí ìjìyà rẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ó wá ṣe eré ọ̀ràn tó dá. Ọ̀ràn wo? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 36, sọ pé aláìjẹ̀bi ni títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi, ó sì sọ pé kò sẹ́ni tó lè fipá mú ẹni tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láti jẹ́rìí. Àwọn Yorùbá ti sọ pé agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Eré ìjẹ́wọ́ tilẹ̀ ń dájọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìwà nìkan. Wọ́dà ń gbọ́. Àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀sùn kàn ń gbọ́. Bí ọmọkùnrin kan bá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe eré bí ó ṣe wọ ilé onílé lóru, ta ni yóò fi dá a lójú pé ẹnìkan kò ní gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tó ń wá ẹ̀rí?

Ibí ni mo ti fẹ́ padà sórí Ṣóyínká. Ní 1965, wọ́n mú un lórí ọ̀ràn iléeṣẹ́ rédíò Ìbàdàn. Ó wà ní àhámọ́, ó ń dúró de ìdájọ́, kí Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ tó dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, lẹ́yìn tí wọ́n ti yàn án láti máa darí Ilé Ẹ̀kọ́ Eré Onítàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìjọba ológun tún mú un, wọn kò sì tú u sílẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá 1969. Wọn kò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kankan rárá. Ìwé The Man Died àti àwọn ewì A Shuttle in the Crypt ló ti ibẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Madmen and Specialists. Olùdarí ilé ẹ̀kọ́ eré tó wà nílé wa níhìn-ín, tó kọjú sí Agbowó, ni ẹni tó wà lẹ́wọ̀n láìjẹ̀bi ẹ̀sùn kankan. Bí wọ́n bá ti gbé eré ìrònúpìwàdà bá a ní Kàdúná, kí ni à bá pè é lónìí? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó jáde láti ilé ẹ̀kọ́ yẹn gbàgbé èyí.

Òfin tó sọ Nigerian Prisons Service di Nigerian Correctional Service ní 2019 fi àtúnṣe ìwà ṣe ọ̀kan lára iṣẹ́ wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tuntun kò yí àwọn tó wà nínú ọgbà padà. Àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ló ṣì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọgbọ́n àwọn eléré tiwa

Ìṣòro kan wà tí àbá tèmi pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí ìdánrawò bá ń fẹ́ oṣù mélòó kan, báwo ni a ṣe lè ṣe é níbi tí ẹni tó ń ṣe ọba ti lè lọ sí Ìyágànkú lónìí, kí wọ́n fún un ní béèlì, kí ó má padà wá mọ́? Ìdùnnú ni fún un, ìṣòro ni fún ẹgbẹ́ eré. Eré tí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ wà nínú ìwé, tí a há sórí, kò lè rìn níbẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé ìdí pàtàkì nìyí tí irú iṣẹ́ yìí kì í fi í pẹ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, kì í ṣe àìlówó nìkan.

Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ eré arìnrìn-àjò Yorùbá, láti ìgbà Hubert Ògúndé ní 1944 títí dé àwọn tó tẹ̀ lé e, kì í sábà lo ìwé tó kún. Karin Barber, tó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, tó sì kọ The Generation of Plays ní 2000, ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Ọ̀gá á sọ ìtàn náà fún wọn. Á pín ipò fún kálukú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu eléré fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ọ̀gá á gbọ́, á tún un ṣe, á fi òwe kan kún un, á yọ ìyẹn. Lálẹ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà kò ní rí bákan náà. Bí ẹnìkan bá kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹlòmíràn á bọ́ sí ipò rẹ̀, nítorí ìtàn ni wọ́n mọ̀, wọn kò há gbólóhùn sórí. Àwọn ará Zaria lo ohun tó jọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ará abúlé láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ahmadu Bello ti ń lọ sí Sàmárù. Ní Westville ní Durban, Miranda Young-Jahangeer ti ń bá àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ṣe irú rẹ̀ láti 2000. Àwọn obìnrin náà ló ń yan ohun tí eré yóò dá lé.

Ọ̀nà yìí bá ẹni tó ń dúró de ìdájọ́ mu ju èyíkéyìí lọ. Kò ní láti mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Kò ní láti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ tó bá lò níbẹ̀, ó ti dánra wò. Ìtàn tó ń ṣe kì í ṣe ti ẹ̀sùn tó ń jẹ́. Ó lè jẹ́ ti ìjàpá, ti olówó àti tálákà, ti ìyàwó àti ìyá ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ láti fetí sílẹ̀, láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkejì, kí ó sì dá a padà lọ́nà tí yóò mú ìtàn lọ síwájú.

Ohun tí a lè sọ títí di ìsinsìnyí

Mo fẹ́ ṣọ́ ẹnu níhìn-ín. Kò sí ìwádìí kan tí mo mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tẹ̀ lé àwọn tó ṣe eré nínú ọgbà títí wọ́n fi jáde, tó sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ṣe é. Títí a ó fi ní irú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ohun tí a lè sọ ni pé ìdánrawò tó pẹ́ ń ran ènìyàn lọ́wọ́, pé ìjẹ́wọ́ lórí ìtàgé kò ní ẹ̀rí tó tì í lẹ́yìn, àti pé fún àwọn tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́, ewu rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹlẹgbẹ́ mi mú ẹ̀rí mìíràn wá, n óò sì kà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé eré wọ Àgódi lọ́dún yìí, ohun tí mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ béèrè ni yàrá kan tí ó ṣeé lò ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, àti ìlérí àwọn aláṣẹ pé ohunkóhun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ kò ní jáde. Kí ó tó béèrè àga oníke fún àwọn àlejò.

Iṣẹ́ tó kù

Bí mo ṣe ń kọ èyí ni ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ Adéjọbí lọ́nà mìíràn. Òun kan náà ló ṣe Kóòtù Aṣípa, tí àwọn ará Ìbàdàn máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà kan rí: ẹjọ́ lọ́kọláya, ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ gbèsè, tí adájọ́, olùpẹjọ́ àti ẹlẹ́rìí ń fi Yorùbá tó jinlẹ̀ sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dúró níwájú Ìyágànkú lónìí ti kọ́kọ́ rí bí kóòtù ṣe rí. Ohun tí wọ́n rí ní kóòtù gidi kò jọ ọ́. Adájọ́ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, agbẹjọ́rò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ògbifọ̀ ló sì wà láàrin. Ẹni tó ń jẹ́jọ́ sọ gbólóhùn mẹ́wàá ní Yorùbá, pẹ̀lú òwe àti ìbúra. Gbólóhùn kan tàbí méjì ló jáde lẹ́nu ògbifọ̀. Ohun tí ó fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ nípa ìwà rẹ̀ wà nínú àwọn mẹ́jọ tó sọnù.

Ìwádìí tí mo ń múra sílẹ̀ fún báyìí dá lórí ògbifọ̀ yìí, mo sì gbà pé iṣẹ́ eléré ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ohùn àti ojú rẹ̀ sì ń kó ipa nínú ìdájọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó kù nínú àwọn téèpù Kóòtù Aṣípa, kí n fi wọ́n wé ohun tó ń wáyé ní kóòtù kékeré ní Ìyágànkú, àti ní ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Ring Road. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ti bá ẹgbẹ́ eré dánra wò nínú ọgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́nà tí ògbifọ̀ fi ń rí i túmọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ nílò ni àwọn téèpù náà, mo sì ti ń bá àwọn àgbà òṣèré àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọ́n lè wà.